Corolla mi ń gbóná lójú ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n tà á?

ÌyáGàrí_Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kó bá mi fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí n kò rí oorun gidi sùn.

Gàrí àti àgbàdo ni mò ń kó láti Kétu lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Tẹ́lẹ̀, orí tákísí ni mo máa ń di ẹrù sí. Wọ́n á to àpò mi sókè ọkọ̀, wọ́n á fi okùn so ó, òjò á pa á kí a tó dé Pobè, gàrí tí mo yan tó gbẹ dáadáa á wá di ohun tí mo ń bẹ oníbàárà kó bá mi rà ní ìdajì owó. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé mo máa ra ọkọ̀ tèmi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá àjọ. Nígbà tí mo kó o lẹ́ẹ̀kejì, èmi àti àbúrò ọkọ mi lọ sí Kútọnu, a ra Toyota Corolla ọdún 2003 kan, tó ń jẹ ẹsáǹsì (epo bẹntiróò), lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti ń lò ó. 1.450.000 séfà ni mo kà fún un. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí mo kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ tí mo wà á wọ agbo ilé wa.

Oṣù méje àkọ́kọ́, àlàáfíà ni. Mo yọ ìjókòó ẹ̀yìn, àpò gàrí mẹ́fà ń wọ inú rẹ̀, mo sì ń ti ọjà bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé omi ń dín kù nínú rédíétọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ ṣe ń ṣe. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi kànga sí i, bíi ìdajì lítà, nígbà míì ó tó lítà kan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò ní Kétu. Mo kọjá Pobè láìsí nǹkan kan. Nígbà tí mo dé Sakété, ọkọ̀ akẹ́rù kan dábùú ọ̀nà, gbogbo wa sì dúró. Mo ṣáà ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná, ó ń gòkè. Ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí mo bá ń sáré, á sọ̀ kalẹ̀, bí mo bá dúró, á gòkè. Lọ́jọ́ yẹn, kò dúró níbì kan, ó lọ kan ibi pupa. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, iwájú ibi tí ọmọkùnrin kan ti ń ta kpayo (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) nínú ìgò. Ọmọ náà ṣàánú mi, ó sáré wá, ó ní òun á bá mi ṣí ìdérí rédíétọ̀. N kò mọ̀, mi ò dá a dúró. Omi gbígbóná tú jáde bí ẹni ju nǹkan. Ọlọ́run ló yọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgunpá. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì san owó oògùn. Ariwo tí ọmọ yẹn pa kò tíì kúrò létí mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì wá kù. Ẹni àkọ́kọ́ fi ọwọ́ dí ẹnu páìpù èéfín, ó ní joint de culasse (ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ti jó, pé àfi kí òun tú orí ẹ́ńjìnnì, 185.000 séfà. Òun náà ló gba 25.000 lọ́wọ́ mi lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé òun pààrọ̀ courroie de distribution (bẹ́líìtì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì). Ẹnì kejì ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n ra òmíràn tòkúnbọ̀, 375.000. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tà á fún òun ní 500.000 bó ṣe wà.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò tó 200.000, owó àgbàdo àwọn èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? N kò fẹ́ padà sórí tákísí mọ́.

BàbáTákísí_Àjàṣẹ́

Ìyá Gàrí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Báwo ni apá ọmọ náà báyìí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn ìyẹn.

Ọdún 32 ni mo fi wa tákísí, láti 1984 di 2016, Peugeot 504 sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjàṣẹ́ sí Pobè, Pobè sí Kétu. Mo mọ ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Ilẹ̀ dúdú Lama yẹn, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, á di ìkòkò ẹ̀bà: bí táyà bá wọ̀ ọ́, kò ní í jáde. Gíà kìíní la fi ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, rédíétọ̀ á máa hó, èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì wá. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná kò jọ mí lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé ọkọ̀ ti kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, nìyí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá àárín, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti inú ọkọ̀ dé góńgó. Ooru á pa yín, ẹ fara dà á, ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń yọ ooru yẹn. Ẹ wá ibi tó ṣófo yà sí. Bí ẹ bá ti dúró, ẹ pa á, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdérí yẹn títí ẹ ó fi lè di rọ́bà rédíétọ̀ tó wà lókè mú láìjó yín lọ́wọ́. Ó lè gba wákàtí kan. Nígbà náà ni ẹ ó fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ yí i díẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí, kí ẹ tó ṣí i tán. Omi tútù lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, èèwọ̀ ni. Mo ti rí orí ẹ́ńjìnnì tó sán tó bẹ́ẹ̀ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èkejì: ẹ má tún gbé ọkọ̀ tó ń rú èéfín lọ dúró síwájú ibi tí wọ́n ti ń ta kpayo. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹsẹ̀ gbé yín dé ni, n kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé iná Sèmè-Kraké ní oṣù September 2023, ibi tí èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n ti kú níbi tí wọ́n kó kpayo pamọ́ sí. Ẹ máa rìn jìnnà sí ìgò yẹn. Bí kpayo ni ẹ̀yin náà ń rà, ẹ rò ó wò. Nígbà tiwa, ó pọ́n dandan, nítorí owó rẹ̀ àti ti ilé epo jìnnà síra. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, èrè rẹ̀ kò tó bí ó ti rí mọ́. Bí ìdọ̀tí kpayo bá sì dí ọ̀nà epo, 504 mi ní kábúrétọ̀ tí mo lè tú fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé ó ń gbóná, ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé kí a yọ tẹmositáàtì, nǹkan kékeré tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, kúrò. Ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Mo yọ ọ́ nínú gbogbo 504 tí mo wà. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó. Ẹ má tà á.

Mẹkáníìkì_Ṣàbẹ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀ràn ọmọ náà. Bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀.

Ṣàbẹ́ ni ilé iṣẹ́ mi wà, ṣùgbọ́n Ṣakí ni mo ti kọ́ṣẹ́, ẹ má bínú bí mo bá ń dárúkọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n ń pè ní joint de culasse fún yín, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì là ń pè é.

Ìyá wa, gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ní bí ẹ bá ń sáré, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ bá dúró, á gòkè. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń lo agbára, tí ẹ di ẹrù tí ẹ ń gun òkè, ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò fẹ́ ẹ. Fáànù ni mo kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín láìsan kọ́bọ̀: ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ wo rọ́bà inú rẹ̀. Bó bá ti le, tó sán, tàbí tí etí rẹ̀ ti jẹ, ẹ ti rí ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá yín. Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán o. Omi tí a kò dé máa ń hó ní 100 (ìwọ̀n Celsius). Bí ìdérí tó dára bá dì í mọ́lẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bíi 120 kí ó tó hó. Ìdérí tó ti rọ̀ á jẹ́ kí omi tètè hó, á sì máa tú u sóde díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní í rí ibi tó ń jò. Kò ní í yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ òun ló ń mu lítà omi yín láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi kún rédíétọ̀ dé ẹnu, ẹ tan ọkọ̀ láìdé e, ẹ máa wo ojú omi. Bó bá ń hó kùrùkùrù láìdáwọ́ dúró nígbà tí omi ṣì tutù, èéfín ló ń wọ inú omi, gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn lóòótọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, kò sí nǹkan kan. Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ wò ó. Ọ́ìlì dúdú kò burú. Ọ́ìlì tó dà bí kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Kí ẹnìkan sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wo èéfín: funfun tó nípọn tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná kò dára. Fífi ọwọ́ dí ẹnu páìpù kì í ṣe àyẹ̀wò gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ wá dé ìdérí náà padà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lójú kan, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù iwájú yẹ kó yí. Bó bá yí nígbà yẹn ṣùgbọ́n tí kò yí nígbà tí ooru bá mú ẹ́ńjìnnì nìkan, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ni kí wọ́n wò. Bí kò bá yí rárá, kí wọ́n wo fíúsì, rìléè tó ń tan iná sí fáànù, àti mọ́tò fáànù náà. Oníná ọkọ̀ tó mọṣẹ́ á mọ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi iná wo ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù omi. Bí omi bá ti jò gbẹ níbẹ̀, á fi àmì sílẹ̀ bí iyọ̀.

Ní ti tẹmositáàtì, Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Fún 504 yín, mi ò ní í jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú Corolla yìí, iṣẹ́ méjì ni nǹkan kékeré yẹn ń ṣe. Ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Kétu, ẹ rántí Àkàbà Ìdẹ́nà. Ẹnu ọ̀nà ni, aṣọ́nà sì wà níbẹ̀ tó mọ ẹni tí yóò gbà á kọjá. Bí omi bá ṣì tutù, tẹmositáàtì á ti ọ̀nà rédíétọ̀, omi á máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè yá. Bó bá tó nǹkan bíi 82, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, bó sì ti ń ṣí i ló ń ti ọ̀nà àbùjá tó ń dá omi padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí títí ayé. Omi gbígbóná púpọ̀ kò ní í dé rédíétọ̀ mọ́. Ọkọ̀ á tutù jù láàárọ̀, á máa jẹ epo, nítorí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yá. Bí ẹ bá wá di ẹrù lọ́sàn-án, á gbóná. Mo ti bá ọkọ̀ mẹ́ta tọ́jú àrùn yìí lọ́dún tó kọjá, àwọn tí mẹkáníìkì yọ tẹmositáàtì wọn láti fi gbà wọ́n là. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i wò bóyá tiyín ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀kan yòókù dùn mí láti sọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì tó wà nínú Corolla ìgbà yẹn, ṣéènì irin ni wọ́n ń lò nínú, wọn kì í lo courroie de distribution. Bẹ́líìtì kan wà níta lóòótọ́, òun ló ń yí pọ́ǹpù omi àti ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì tó 25.000. Ẹ bi ẹni náà pé kó fi èyí tó yọ hàn yín. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà padà fún un kó tú orí rẹ̀.

Tíṣà_Pobè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mi ò mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi Ìyá wa ní ìbéèrè kan: orúkọ ta ló wà lórí carte grise, ìwé tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn?

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Ìparí ọdún 2019 ni mo ra ọkọ̀ tèmi ní Kútọnu. Nàìjíríà ti ti bodè láti oṣù August, ọkọ̀ kún páàkì, kò sí ẹni tó ń rà á sọdá mọ́. Ẹni tó tà fún mi tilẹ̀ tún dín owó kù kí n tó bẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mi ò wo ìwé dáadáa. Orúkọ ẹni tó ní in ṣáájú ẹni tó tà á fún mi ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ yí i sí orúkọ mi, wọ́n ní kí n mú ìwé títà tí olúwa rẹ̀ fọwọ́ sí wá. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá ọkùnrin náà kiri. Gbogbo àkókò yẹn, bí mo bá rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, inú mi á pa rìdà.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ fi ìwé kún un. Bí ẹ bá sì tà á ní 500.000 fún ẹni tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ìwé kò sì sí lórúkọ yín, orí yín ni gbogbo ohun tó bá fi ọkọ̀ náà ṣe yóò bọ̀.

Ẹ tún wo táyà yín, pàápàá ẹ̀yin tó ń di àpò mẹ́fà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níparí lẹ́tà DOT. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Táyà tòkúnbọ̀ lè dán kó ní eyín, kó sì ti gbó. Ọ̀kan bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn Ìgàná, lójú òòrùn, pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nínú ọkọ̀.

BàbáTákísí_Àjàṣẹ́

Ará Ṣàbẹ́, o ṣé o. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ. Lẹ́yìn 504 mo wa Carina kan fún ọdún mẹ́ta, mo yọ tẹmositáàtì rẹ̀, ó sì ń jẹ epo bí ẹni tó ń mu omi, mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi tà á. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá àwọn tó ń ta epo jà pé wọ́n ń dín in fún mi. Ìyá Gàrí, ohun tó sọ ni kí ẹ ṣe.

ÌyáGàrí_Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n ríran kí n tó fèsì.

Èmi àti ọmọ mi àgbà ni a ṣe àyẹ̀wò náà, aago mẹ́fà àárọ̀, a gbé fóònù síwájú wa tí a ń ka ọ̀rọ̀ ará Ṣàbẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ìdérí rédíétọ̀ ti jẹ yíká, ó já sí mi lọ́wọ́. Ojú omi kò hó. Afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ọ́ìlì dúdú, kò jọ kọfí. Nígbà tí a dé ìdérí náà padà tí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, a dúró, a dúró, fáànù kò mira. Mo jókòó sórí ìdúró ilẹ̀kùn wa, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Fáànù ni! Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì!

Oníná ọkọ̀ kan níbí wò ó. Rìléè ló jó, wáyà kan sì ti já nídìí mọ́tò fáànù. Ó ṣe é ní 9.000. Ìdérí tuntun, 6.500. Nígbà tí ẹnìkan tí àbúrò ọkọ mi mọ̀ ṣí ibi tẹmositáàtì, ibẹ̀ ṣófo. Bí mo ṣe rà á ló rí bẹ́ẹ̀. A fi tuntun sí i, 12.000 pẹ̀lú iṣẹ́. Omi tó tú jáde pupa bí ilẹ̀ Kétu. Ó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó mọ́, ó wá fi kúláàntì sí i dípò omi kànga mi, 11.000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 38.500 séfà. Pọ́ǹpù omi ní àmì funfun díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ, pé á tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó rẹ̀ sọ́tọ̀.

Mo lọ bá ẹni tó gba 25.000. Mo ní kó fi courroie tó yọ hàn mí. Ó ní òun ti sọ ọ́ nù. Mo ní ṣéènì ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ó dákẹ́. Ó dá 10.000 padà fún mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n má bínú. Inú ń bí mi síbẹ̀, mi ò ní í purọ́. Bó bá tú orí ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò mọ ohun tí ì bá kù fún mi.

Tíṣà, orúkọ mi kò sí lórí carte grise. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ni mo tó lọ wò ó. Ẹni tó tà á fún mi ṣì ń gbé fóònù, a sì ti fi àdéhùn sí Ọjọ́bọ̀ láti lọ ṣe ìwé títà kí a tó lọ sí ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún mi ka 1112. Mo ti yọ ọ́.

Lánàá ni mo kó àpò márùn-ún lọ sí Àjàṣẹ́, mi ò kó mẹ́fà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró ní Sakété láìpa ọkọ̀, mo ń wo abẹ́rẹ́. Ó dé àárín. Mo gbọ́ tí fáànù bẹ̀rẹ̀, vuuu, ó fẹ́ díẹ̀, ó dá. Abẹ́rẹ́ kò kúrò níbẹ̀.

Bàbá, ẹ béèrè ọmọ náà. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ jìnnà sí ìgò rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Apá rẹ̀ ti ń san, awọ tuntun ti ń yọ níbẹ̀, ó ṣì pupa díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin náà, mo gbé àpò gàrí kan kalẹ̀ fún wọn. Òun náà kúnlẹ̀. Ọmọ náà ń wo iwájú ọkọ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé ó ti tutù báyìí?" Mo ní ó ti tutù. Kò sún mọ́ ọn ṣá.